Chardonnay tó ń ta lẹ́nu àti Chardonnay tó ń run bọ́tà: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ìkẹ́rẹ́ lọ̀rọ̀ yìí ti ká mi mọ́. Àbúrò mi obìnrin ló ń ṣègbéyàwó, èmi ni wọ́n sì ní kí n mójú tó ọtí torí iṣẹ́ mi ni, mo máa ń tọ́jú ọtí níbi ináwó ní Adó àti gbogbo agbègbè ibẹ̀. Mo ra páálí wáìnì funfun méjì, ọ̀tọ̀ nilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ wọ́n kọ Chardonnay gàdàgbà sára ìgò méjèèjì, mo ní ó parí, nǹkan kan náà ni. Ìgbà tí mo bu ti àkọ́kọ́ fún bàbá mi àgbà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n fún ojú pọ̀ bí ẹni tó lá ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ń ta lẹ́nu, ó dáa. Mo bu ti páálí kejì. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n dákẹ́, wọ́n gbé ife sókè síbi iná, wọ́n wò ó, wọ́n tún wo èmi náà.

"Kí lo dà sínú eléyìí? Ṣé bọ́tà ni?"

Mo ní "Bàbá, mi ò da nǹkan kan sí i o, báyìí ni mo ṣe rà á." Wọ́n ní kí n lọ pe ẹni tó tà á fún mi.

Bàbá ò ṣì wí o. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ẹ̀, mò ń rà á ní ìgò kọ̀ọ̀kan, mò ń tọ́ ọ wò, mò ń ka ara ìgò bí ẹni tó fẹ́ ṣe WAEC, ohun tó sì wá yé mi ni pé orúkọ èso àjàrà lásán ni Chardonnay yẹn. Kò sọ fún yín bóyá ó máa kan, bóyá ó máa ki, bóyá ó máa run èéfín. Ìbéèrè méjì ló ń sọ ìyẹn: níbo ni wọ́n ti gbìn ín, kí sì ni wọ́n ṣe sí i lẹ́yìn tí wọ́n ká a tán. Tẹ́ ẹ bá ti lè dáhùn méjèèjì, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bó ṣe máa rí lẹ́nu kẹ́ ẹ tó ṣí i.

Àwa tá a mọ ẹmu, kò yẹ kí eléyìí nira fún wa. Ta ló máa ní ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ ò yàtọ̀? Èyí tí adẹ́mu gbé sọ̀kalẹ̀ ní kùtùkùtù tó ṣì dùn, àti èyí tó ti jókòó sínú kèrègbè títí di ìrọ̀lẹ́ tó ti ń pa èèyàn, ṣé ọ̀kan ni? Ẹmu la ń pe gbogbo ẹ̀ ṣá. Kókó náà ńkọ́? Ẹni tó kó o jọ, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún iye ọjọ́ tó yẹ kó tó sá a, àti ẹni tó kánjú sá a lọ́jọ́ kejì, orí igi kan náà ni wọ́n ti já a o, àmọ́ kò lè rí bákan náà.

Ti Chardonnay wá ju bẹ́ẹ̀ lọ torí òun fúnra ẹ̀ ò ní òórùn tó le. Muscat, àjàrà míì nìyẹn, ibi yòówù kí wọ́n gbìn ín sí, òórùn ẹ̀ á kọ́kọ́ kí yín kẹ́ ẹ tó mu ún. Chardonnay ò ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, bí iyán ló rí (uyán, fún àwọn ará ilé), iyán dáa o, àmọ́ ọbẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé tì í ló máa sọ irú oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ.

Burgundy ni ilé àjàrà yìí, ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé, abúlé kékeré kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Chardonnay. Ní 1999 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Davis fi DNA wá ìdílé ẹ̀ jáde, wọ́n rí i pé Pinot Noir àti Gouais Blanc ló bí i. Pinot Noir, àjàrà dúdú tí àwọn olówó ń du. Gouais Blanc, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ayé ijọ́un ò kà sí rárá. Ọmọ ọba lọ fẹ́ ọmọ mẹ̀kúnnù, ọmọ tí wọ́n bí wá gba gbogbo ayé kan, ó wà ní Faransé, Amẹ́ríkà, Gúúsù Áfíríkà, Ọsirélíà, Chile, ó tiẹ̀ ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Òtútù níbí, oòrùn lọ́hùn-ún

Ẹ jẹ máńgòrò tí kò tíì pọ́n, ẹ wá jẹ èyí tó pọ́n tó já bọ́ fúnra ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ò ju ìyẹn lọ. Níbi tó tutù, àjàrà máa ń rọra pọ́n ni, ṣúgà inú ẹ̀ kì í pọ̀, kíkan ẹ̀ kì í sì í lọ. Ṣúgà yẹn ni ìwúkàrà ń jẹ tó ń sọ ọ́ di ọtí, torí náà bí ṣúgà bá kéré, ọtí náà ò ní le. Níbi tí oòrùn ti mú, òdì kejì ẹ̀ ni: ṣúgà á pọ̀, kíkan á dínkù, agbára ọtí á lọ sókè, adùn tó jọ ọsàn wẹ́wẹ́ àti ápù aláwọ̀ ewé á kúrò níbẹ̀, á wá máa jọ ọ̀pẹ òyìnbó, máńgòrò, nígbà míì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ gbé Chablis àti ti Napa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Chablis wà ní òkè pátápátá ní àríwá Burgundy, ó jìnnà díẹ̀ sí àwọn tó kù, ó sì tutù débi pé ìrì dídì ni ọ̀tá àgbẹ̀ ibẹ̀. Ní oṣù kẹrin, tí ewé tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, òtútù òru kan ṣoṣo lè jẹ gbogbo ẹ̀ run, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń tan àbẹ́là ńláńlá sáàárín oko lóru kí ibẹ̀ lè móoru. Àwọn míì á tún fọ́n omi sára igi kó di yìnyín tó máa bo ewé náà kí òtútù tó ju ìyẹn lọ má bàa pa á. Ẹ wo ìyẹn, omi dídì ni wọ́n fi ń gba igi lọ́wọ́ òtútù. Ní oṣù kẹrin 2021 òtútù yẹn ṣe Faransé léṣe gan-an, Chablis náà gbà nínú ẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ẹfun àti amọ̀ tí ìkarahun wẹ́wẹ́ kún inú ẹ̀, torí òkun ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ kí àwọn èèyàn tó dé ilé ayé. Àwọn kan á ní àwọn ń tọ́ ìkarahun yẹn wò nínú ọtí. Èmi ò tíì rí i o. Ohun tí mo rí ni kíkan tó mọ́ tónítóní, bí omi tó ṣàn lórí òkúta, pẹ̀lú ohun kan lẹ́yìn ẹ̀ tó fẹ́ jọ iyọ̀. Agbára ọtí ẹ̀ sábà máa ń wà ní 12 tàbí 12.5 nínú 100, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Napa ní California ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀. Oòrùn wà, ó sì ń ràn lójoojúmọ́ ayé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Wọ́n tiẹ̀ ń wá ibi tí kùrukùru òkun ti ń wọlé bíi Carneros kí àjàrà má bàa sè tán lórí igi. Ọtí tó ń tibẹ̀ jáde máa ń ki, àwọ̀ ẹ̀ máa ń pọ́n bíi wúrà, agbára ẹ̀ á tó 14, nígbà míì 14.5. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ní 24 oṣù karùn-ún 1976 wọ́n kó wáìnì Faransé àti ti California jọ ní Paris, wọ́n bo ìgò, àwọn Faransé ló jókòó ṣèdájọ́, ìgbà tí wọ́n ka èsì, Chardonnay 1973 ti Chateau Montelena láti Napa ló gba ipò kìíní nínú àwọn wáìnì funfun, ó fi ti Burgundy sẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń fi orúkọ ìlú nìkan ra ọtí, ojú lè tì í.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú nínú méjèèjì? Tó bá jẹ́ ẹja díndín ló wà nílẹ̀, tó jẹ́ oòrùn ọ̀sán, táwọn àlejò ti làágùn, Chablis ni, ẹ má ronú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, tí adìyẹ sísun àti fúráìdì ráìsì wà níbẹ̀, tẹ́ni tó fẹ́ mu ún sì fẹ́ràn ohun tó ki tó kún ẹnu, Napa. Owó méjèèjì ò kéré, mi ò ní tàn yín.

Àmọ́ ibi tó ti wá nìkan kọ́

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á ní òtútù ló ń ṣe kíkan, oòrùn ló ń ṣe bọ́tà. Rárá o. Meursault ńkọ́? Burgundy náà ni, kò jìnnà sí Beaune, ibẹ̀ ò gbóná bíi California rárá, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá bu Meursault sí ife, ẹ máa gbóòórùn bọ́tà, ẹ̀pà tí wọ́n yan, nígbà míì búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò. Àjàrà kan náà ni pẹ̀lú Chablis, ilẹ̀ Burgundy kan náà. Ohun tó yà wọ́n ni ọwọ́ ẹni tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ n wá dáhùn ìbéèrè bàbá mi àgbà. Ọ̀kan lára àwọn kíkan tó wà nínú àjàrà, malic ni wọ́n ń pè é, òun náà ló wà nínú ápù tí kò pọ́n, ó mú, ó máa ń gún ahọ́n. Lẹ́yìn tí ìwúkàrà bá ti sọ ṣúgà di ọtí tán, ẹni tó ń ṣe é lè jẹ́ kí àwọn bakitéríà kan wọlé tí wọ́n á sọ malic yẹn di lactic, kíkan tó wà nínú wàrà nìyẹn, èyí tó rọ̀. Ìbátan irú àwọn tó ń mú ògì wa kan nínú ìkòkò ni wọ́n, ẹ má bẹ̀rù wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń tú nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní diacetyl, ohun kan náà tó wà nínú bọ́tà gidi tó jẹ́ kí bọ́tà máa run bíi bọ́tà. Nítorí náà kò sẹ́ni tó da bọ́tà sínú ìgò yẹn, bàbá náà ò sì purọ́. Àwa méjèèjì la jàre lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ bọ́tà, á dá àwọn bakitéríà yẹn dúró, á jẹ́ kí ọtí náà tutù, á sẹ́ ẹ dáadáa, kíkan ápù yẹn á wà níbẹ̀ digbí. Àwọn míì á ṣe é lábọ̀, ìdajì báyìí, ìdajì bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá pò ó pọ̀. Ẹ má sì rò pé gbogbo ọtí tó bá gba ọwọ́ bakitéríà yìí ló máa run bọ́tà o, ọ̀pọ̀ Chablis náà ń gbà á, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ kì í jẹ́ kí bọ́tà yẹn ṣí jáde.

Ohun kejì ni àgbá. Táǹkì irin kì í fi nǹkan kan kún ọtí, ohun tẹ́ ẹ bá dà sí i lẹ máa bá níbẹ̀. Àgbá igi oak ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fi iná yan inú ẹ̀ kí wọ́n lè tẹ igi náà, iná yẹn ló ń fún un ní òórùn fanílà, kànáfùrù, èéfín, búrẹ́dì tó jóná díẹ̀. Igi oak ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún máa ń mú òórùn àgbọn wá, ti Faransé máa ń rọra ṣe. Àgbá tuntun ló ń sọ̀rọ̀ jù, tó bá ti lo ọdún mẹ́ta mẹ́rin, ohùn ẹ̀ á ti lọ sílẹ̀, kò ní fi òórùn kún un mọ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ lásán lá máa gbà wọlé tí ọtí náà á fi máa dẹ̀. Ẹni tó bá ti fi kèrègbè tuntun gbẹ́mu rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ní Burgundy, àgbá wọn máa ń gba líítà 228, owó tuntun ẹ̀ sì ga, ara owó yẹn ló ń wá sórí ìgò tẹ́ ẹ fẹ́ rà.

Ẹ gbọ́ àṣírí kan. Ọ̀pọ̀ wáìnì olówó pọ́ọ́kú tó ń run igi gan-an, kò fojú kan àgbá rí. Wọ́n ki igi wẹ́wẹ́ sínú táǹkì bí ẹni ki Lipton sínú omi gbígbóná ni. Kò sí májèlé níbẹ̀, òfin gbà á láyè, ṣùgbọ́n òórùn igi yẹn máa ń dá dúró ní tiẹ̀, ọtí ń lọ lọ́tọ̀, igi ń lọ lọ́tọ̀, bí ọbẹ̀ tí omi àti ata ò bá ara wọn rẹ́. Mo ti ra irú ẹ̀ tó pọ̀, ẹ má bi mí léèrè.

Ẹ̀kẹta ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí èyí tó máa ń wà nísàlẹ̀ kèrègbè ẹmu, ìwúkàrà tó ti kú ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan á tètè yọ ọtí kúrò lórí ẹ̀. Àwọn kan á fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́wàá, wọ́n á máa fi ọ̀pá rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí ló ń jẹ́ kí ọtí náà nípọn lẹ́nu kó sì máa run bí búrẹ́dì. Tẹ́ ẹ bá rí "sur lie" lára ìgò, òun nìyẹn.

Ní Meursault, wọ́n sábà máa ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Ní Chablis, táǹkì irin ló wọ́pọ̀ jù, àwọn kan ń lo àgbá tó ti gbó fún àwọn ọtí ńlá wọn.

Tẹ́ ẹ bá ń ra Chablis, ipele mẹ́rin ló wà: Petit Chablis ló wà nísàlẹ̀, Chablis gangan, Premier Cru, kó tó wá kan Grand Cru tó jẹ́ pé orí òkè kan ṣoṣo tó kọjú soòrùn ni gbogbo ẹ̀ wà, oko méje péré. Fún ináwó, Chablis gangan ti tó. Ẹni tó bá ra Grand Cru fún èèyàn igba, owó ló ń jó níná yẹn.

Èyí tó wà nítòsí wa

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ló ń rí Meursault rà l'Adó lójoojúmọ́? Ti Gúúsù Áfíríkà àti ti Chile ni mo máa ń bá ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo ń lọ, ibẹ̀ sì ni owó wa dé. Inú mi dùn sí i o, torí ti Gúúsù Áfíríkà gan-an ló rọrùn jù láti fi kọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ìgò fún yín tààrà: tẹ́ ẹ bá rí "Unwooded" tàbí "Unoaked", kò rí àgbá rárá, tẹ́ ẹ bá rí "Barrel fermented" tàbí "Wooded", inú igi ló ti wá. Ẹ ra ọ̀kan ọ̀kan, tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà, ọdún kan náà, ẹ bu méjèèjì sí ife méjì tó jọra, ẹ máa mú èyí bọ́ sí ìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ẹ máa mọ̀ ju ohun tí mo kọ síbí yìí lọ.

Ibi tó ti wá níbẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Robertson wà nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀sán ibẹ̀ gbóná, àmọ́ ẹfun wà nínú ilẹ̀ wọn, afẹ́fẹ́ tútù sì máa ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Elgin wà lórí òkè, ó tutù tó fi jẹ́ pé oko ápù ló kún ibẹ̀. Hemel-en-Aarde wà nítòsí òkun ní ìtòsí Hermanus, tibẹ̀ ló máa ń fẹ́ jọ Burgundy jù lẹ́nu mi. Ẹni tó bá ti gbé Ẹ̀fọ̀n Aláàyè rí tó wá ń gbé Adó báyìí mọ̀ pé orí òkè àti ìsàlẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́, kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ rìn jìnnà kí ojú ọjọ́ tó yí padà.

Ìtàn kan wà nípa àwọn ará Gúúsù Áfíríkà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Láyé 1970s sí 1980s, ìjọba wọn ń fi igi àjàrà tó bá ti òkèèrè wá sí àhámọ́ fún àyẹ̀wò, ó sì ń pẹ́ kó tó jáde, ni àwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fàyàwọ́ ẹ̀ka Chardonnay wọlé. Wọ́n gbìn ín, wọ́n tọ́jú ẹ̀, wọ́n ń retí ọlá, ìgbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí i pé àwọn kan nínú ẹ̀ kì í ṣe Chardonnay rárá, Auxerrois ni, ìbátan ẹ̀ lásán. Ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí ẹ̀. Fàyàwọ́ ọjà tí kì í ṣe ọjà.

Ti Chile, ẹ wo Casablanca lára ìgò. Ibẹ̀ sún mọ́ òkun Pàsífíìkì tí omi ẹ̀ tutù, kùrukùru máa ń bo oko láàárọ̀, torí náà èso máa ń dùn kí kíkan ẹ̀ tó tán. Fún owó tí wọ́n ń gbà, mi ò rò pé ohun tó dáa jù ú lọ wà fún ináwó ńlá. Tẹ́ ẹ bá rí "Central Valley" ní tiẹ̀, ibi tó gbóná nìyẹn, ó máa ń rọ̀, kì í ní kíkan púpọ̀, ó ṣeé mu ṣá.

Ọsirélíà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Nígbà kan ọtí wọn ń run igi ju bẹ́ńṣì káfíńtà lọ, ó sú àwọn èèyàn débi pé wọ́n ń sọ pé ohunkóhun ni àwọn máa mu àfi Chardonnay. Wọ́n ti yí padà báyìí. Tẹ́ ẹ bá rí Margaret River, Yarra Valley tàbí Adelaide Hills, ẹ rà á láìfòyà tówó bá wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ṣàǹpéènì, tẹ́ ẹ bá rí "Blanc de Blancs" lára ti Champagne, àjàrà funfun nìkan ni wọ́n fi ṣe é, Chardonnay náà sì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ ti ń mu ún láìmọ̀.

Kí lẹ fẹ́ jẹ?

Iyán, ẹ̀fọ́ rírò tó ní irú àti òkété? Ẹ mu ẹmu yín jàre. Mi ò ní tìtorí pé mo fẹ́ràn wáìnì kí n wá máa parọ́. Ata máa ń bá ọtí tó le jà lẹ́nu, ọtí tó tó 14 yẹn á sọ ata di iná, òórùn igi á sì korò lábẹ́ irú. Bó bá di dandan, tí àlejò kan ṣáà fẹ́ wáìnì funfun pẹ̀lú ẹ̀, ẹ fún un ní èyí tí kò rí igi, tí agbára ẹ̀ ò pọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àsun.

Ẹja díndín, àkàrà gbígbóná, dòdò tó ní epo lára: èyí tó kan ni, kíkan yẹn á gé epo, ẹnu á mọ́, wọ́n á tún fẹ́ mú òmíì. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ẹyin àti ẹja sí, Casablanca tàbí èyí tó wọ igi díẹ̀. Ráìsì alágbọn, adìyẹ sísun tí kò ní ata púpọ̀, àgbàdo sísun pàápàá, ẹ gbé èyí tó jáde láti inú àgbá síbẹ̀, òórùn àgbọn àti èéfín méjèèjì á mọ ara wọn. Wàrà díndín pẹ̀lú èyí tó ń run bọ́tà, ẹ dánwò ẹ̀, kò sí ìdí tí mo fi ní kí n máa ṣàlàyé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Àwọn Faransé kì í sábà kọ Chardonnay sára ìgò Burgundy wọn, orúkọ ìlú ni wọ́n ń kọ: Chablis, Meursault, Pouilly-Fuissé, Puligny-Montrachet, tàbí Bourgogne Blanc (Bourgogne ni wọ́n ń pe Burgundy lédè Faransé) tó rọrùn jù lówó. Àǹtí kan ní Ìfàkì ti bá mi jà rí pé Chardonnay làwọn ní kí n rà, pé kí ni Chablis tí mo gbé wá yìí. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní "ṣáà lọ pààrọ̀ ẹ̀." Mo pààrọ̀ ẹ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ẹ wo iye agbára ọtí lẹ́yìn ìgò. Tó bá wà ní 12 sí 12.5, ẹ retí kíkan. Tó bá ti tó 14, ẹ retí kíki. Kì í ṣe òfin, àmọ́ kì í sábà tàn mí. Ẹ tún rántí pé oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ni wọ́n ń kórè ní Gúúsù Áfíríkà àti Chile, tó jẹ́ pé ọwọ́ oṣù kẹsàn-án ni ti Faransé, torí náà tiwọn fi bí oṣù mẹ́fà dàgbà ju ti Faransé lọ bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ ọdún kan náà. Èyí tí kò rí igi, ẹ mú ọdún tó sún mọ́ wa. Èyí tó wọ àgbá dáadáa lè dúró díẹ̀.

Tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bá jẹ́ dídùn bí málítì, ẹ má ra Chardonnay o. Ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà ẹ̀ tán, òórùn èso tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn kì í ṣe ṣúgà. Ibí yìí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi ináwó, ẹ fi wáìnì dídùn sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún àwọn ìyá ìjọ.

Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n gbé e sí ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ká mi lára jù nìyẹn. Páálí kan tí mo rà nígbà kan, iwájú ṣọ́ọ̀bù ló wà, oòrùn ń pa á láti àárọ̀ dalẹ́, ẹni tó tà á ní ọtí kì í bàjẹ́, pé bó ṣe ń pẹ́ ló ń dáa sí i. Ìgbà tí mo délé, mo bu ú, àwọ̀ ẹ̀ ti ń lọ sí ti tíì, ó ń run bí ápù tí wọ́n gé sílẹ̀ lánàá. Mo dá a padà, wọ́n ò gbà á. Láti ìgbà yẹn, èyí tó wà nínú ilé lọ́hùn-ún ni mo máa ń ní kí wọ́n gbé wá, màá gbé e síbi iná kí n tó sanwó. Èyí tí kò rí igi yẹ kó mọ́ gaara, èyí tó wọ àgbá lè pọ́n bíi wúrà, àwọ̀ tíì ò yẹ kó sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì ló kù. Èyí tó kan, digiríì 8 sí 10 ló dáa fún un. Èyí tó wọ àgbá, 11 sí 13, tó bá tutù jù, owó igi tẹ́ ẹ san ti wọgbó, ẹ ò ní gbóòórùn nǹkan kan. Níbi ináwó tí kò síná, omi àti áìsì ni kẹ́ ẹ pò pọ̀ sínú bákẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe áìsì nìkan, omi ló ń yí ìgò ká, ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ti tó. Èyí tó wọ àgbá, ẹ yọ ọ́ níta díẹ̀ kẹ́ ẹ tó bu ú.

Nígbà tí a ṣe ìnáwó míì ní Ọ̀kẹ́mẹ̀sí, òkú àgbà, mo kó oríṣi méjèèjì lọ, mo gbé èyí tó kan síwájú bàbá mi àgbà torí mo rántí pé wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n mu ún tán, wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n sún mọ́ àwọn, wọ́n ní èyí tí mo da bọ́tà sí nígbà yẹn dà. Mo ní bàbá, mi ò da bọ́tà sí i. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kí n ṣáà lọ gbé e wá, kí n sì gbé ìgò kejì sábẹ́ àga àwọn kí àwọn ọmọ ìyá àwọn má bàa rí i.